Bí Mo Ṣe Rìn Yí Ilẹ̀ Òkè-Àfọ̀n Ká Lóòró

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tí ń jẹ obì gbé e mì, kí ẹni tí ń tòògbé fi omi bọ́jú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ẹran tí mo pa, ti ìdọ̀bálẹ̀ tí mo fi du arúgbó kan ni. Èmi Ọdẹ́yínká, tí a tọ́ débi pé bí mo bá gbọ́ ikọ́ àgbàlagbà lẹ́yìn ògiri, àyà mi á ti máa wá ilẹ̀, èmi kan náà ni mo dúró ṣánṣán bí òpó níwájú irùngbọ̀n funfun.

Ní ìlú wa, Òkè-Àfọ̀n, a kì í fi odi yí ilẹ̀ wa ká. Ẹsẹ̀ ni a fi ń yí i. Lọ́dọọdún, bí a bá ti wa iṣu tán, ọdẹ kan ṣoṣo a gbéra nídìí igi akòko ẹnu ibodè, a gba àárín oko kọjá, a wọ igbó tí àwọn iwin ń gbé, a sì yí po títí yóò fi padà dé ìdí akòko náà láti apá kejì. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí ká, tiwa ni. Igbó kò gbọdọ̀ ré ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó ṣáájú tèmi, Àkànó ẹgbẹ́ mi rìn ín, ó rìn ín pé, ó délé láyọ̀. Síbẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, igbó ti fo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti gbé oko Ìyá Wúràọlá, obìnrin opó, mì káló. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó fà á.

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ, Ìyá Wúràọlá wí pé, “Ọmọ mi, oko yẹn ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Bí ìrìn tìrẹ náà bá bàjẹ́, a ó di alágbàro lóko olóko.”

“Ìyá, bí ẹsẹ̀ mi kò bá kán, oko yín yóò padà.”

Àkànó bú sẹ́rìn-ín: “Má gbàgbé láti kí àwọn ará ibẹ̀ dáadáa o! Ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn.”

Mo dá a lóhùn pé, “Ìwọ tí ò ń dọ̀bálẹ̀ fún òbúkọ nítorí pé ó ní irùngbọ̀n!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a kò mọ̀ pé ohun tí ó ń pa opó lẹ́kún ni a fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Mo gba oko ẹ̀gẹ́ kọjá, mo gba oko àgbàdo tí pòròpórò rẹ̀ gbẹ, tí àparò ń ta fìrì níwájú mi, títí mo fi dé oko Ìyá Wúràọlá. Lórí ebè kọ̀ọ̀kan ni igi ti hù ní ipò iṣu, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé olóko ni ó gbìn wọ́n. Ní ààlà oko náà ni mo sì ti rí àmì àyà ènìyàn nínú ilẹ̀: egungun ìhà hàn, ìgbọ̀nwọ́ hàn, àgbọ̀n pàápàá hàn, láti inú rẹ̀ sì ni gbòǹgbò gbogbo igi wọ̀nyẹn ti jáde. Ta ni í dọ̀bálẹ̀ láàárín igbó bí kò ṣe Àkànó? Mo rántí ohun tí àtìpó ń ṣe níwájú onílẹ̀: yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìdọ̀bálẹ̀ náà ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Orí mi wú.

N kò tíì wọ inú igbó jìnnà tí mo fi bá arúgbó kan lórí gbòǹgbò àràbà, irùngbọ̀n rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Kìkì pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọjú sẹ́yìn.

“Ọmọ mi, o kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?”

“A dúpẹ́.”

“A-dúpẹ́ lóòró? Ṣé bí ẹ ṣe ń kí àgbà nìyẹn? Èyí tí ó kọjá lọ́dún tó lọ mọ̀wàá hù jù ọ́ lọ.”

“Mo rí ibi tí ó sùn sí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kò ní dùn ọ́. Dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí n súre fún ọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má rò pé ó rọrùn. Ẹ̀yìn mi ń yún mi, gbogbo ẹgba tí ìyá mi fi kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ń jí padà lára mi. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni irùngbọ̀n púpọ̀ ló funfun, a kò mọ èyí tí olè ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ìwọ baba orúnkún-ẹ̀yìn, ta ni ó bá ẹnìkejì lórí ilẹ̀ yìí? Àwọn baba ńlá mi ti ń rin ọ̀nà yìí kí o tó gun gbòǹgbò yẹn. Àlejò ni í kí onílé. Bí ìdọ̀bálẹ̀ bá wù ọ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ṣe é, kí n wò ó!”

Kò lè ṣe é. Orúnkún rẹ̀ kò gbà. Inú bí i, igbó mì tìtì, eruku sọ lálá. Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀, baba mi tí ó ti kú ni ó dúró níbẹ̀, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tí ó máa ń gẹ̀ sí òsì.

“Ọdẹ́yínká, èmi náà ńkọ́?”

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, “Bí ẹ bá jẹ́ baba mi, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú ni mo ń jẹ́, ẹ ó sì yà fún mi. Bí ẹ kò bá jẹ́ baba mi, ẹ bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀!” Mo sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni gba àárín èéfín kọjá.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo jáde sí oko ẹ̀pà ní apá kejì ìlú. Àwọn ènìyàn ti jáde wá pàdé mi, Baálẹ̀ ni ó ṣáájú wọn, wọ́n sì dúró síwájú akòko. “Káàbọ̀, akọni!” ni Baálẹ̀ wí. Mo dúró lóòró. Ta ni ó lè búra fún mi pé Baálẹ̀ ni Baálẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ òun gan-an, ẹsẹ̀ mi kò tíì kan ìdí igi náà.

“Ọdẹ́yínká! Ṣé orí rẹ pé?” Àkànó di ọrùn mi mú, ó ń tẹ̀ mí wálẹ̀. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

“Aláìlẹ́kọ̀ọ́!” ni àwọn kan ń pariwo. “Iwin ti gbà á!” ni àwọn mìíràn ń wí. Mo fi èjìká la àárín wọn, mo tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ́ gbòǹgbò akòko. Nígbà náà ni mo yí padà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Baálẹ̀.

“Ìsinsìnyí ni o wá rántí?” Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ẹ ṣe mí bí ó ti wù yín, Baálẹ̀. Orí ilẹ̀ yín ni mo wà báyìí; ibi tí ẹ ti pàdé mi kò tíì di tiyín.”

Kí ó tó fèsì, a gbọ́ ọ láti ọ̀nà oko: gbì! gbì! gbì! Igi ń ṣubú lórí ebè. Ìyá Wúràọlá kò dúró gbọ́ ẹjọ́ mi. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń sáré lọ. Àkànó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Baálẹ̀ kò dárí jì mí lọ́jọ́ náà, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa kí àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí imú yín kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi àyà lélẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí yóò ni ilẹ̀ náà bí ẹ bá dìde. Ẹni tí ó bá sì ní ìwà mi kò dára, kí ó lọ bá Ìyá Wúràọlá lóko, kí ó bá a jẹ iṣu, kí ó wá fi ikùn tí ó yó bú mi.