Ajíhìnrere Tó Ń Bẹ̀rù Ọkọ̀ Ojú Omi

Mo fi ewú orí mi búra pé ìtàn yìí kò ní gùn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ajíhìnrere Adégòróyè fi ń ti etí odò pariwo ìwàásù sí àwọn ará òdìkejì, nítorí ó ń bẹ̀rù ọkọ̀. Wọn kò gbọ́ ju "Àmín" lọ. Lọ́jọ́ tó wàásù nípa Pétérù tó rìn lórí omi, Ìyá Orímisàn atukọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ajíhìnrere, a kì í joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Ẹ wọkọ̀!"

Ìtìjú ló tì í wọnú ọkọ̀. Bí ìgbì ṣe kọlù wọ́n, gbogbo àdúrà àkọ́sórí rẹ̀ sá lọ.

"Bàbá, dì mí mú o!"

Àyà rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ló bá dìde, ó ń kọrin, ó ń jó!

"Ẹ jókòó, ẹ ó dà wá sómi!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó: ìjọ tó rán an rò pé ó ń kọ́ àwọn ará odò ní àdúrà ni. Wọn kò mọ̀ pé odò ló kọ́ ọ.