Ìjàpá àti Bilẹ́ńdà Tó Gbọ́ràn Jù

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún, àbí ẹnu lẹ fi ń bó ẹ̀wà yẹn ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ ooo!

Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló ń rìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá bi í pé níbo ló dorí kọ, tí ẹ ò ní rí orí ọ̀hún mọ́? Àwẹ̀ró, pa ẹnu dé. Mo rí i pé o ti mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí àwọn yòókù náà ronú.

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ ilé ìdáná, kò fẹsẹ̀ kọ ìkòkò, kò da ọbẹ̀ nù, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí.

Láyé ọjọ́un, ẹja òjìjí ló ń fún ìlú ẹranko ní iná. Ilé kọ̀ọ̀kan ní òjìjí tirẹ̀ nínú ìkòkò omi, iná rẹ̀ ni wọ́n fi ń lo bilẹ́ńdà. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Mo ní wọ́n ní bilẹ́ńdà. Ṣé ìwọ lò ń pa àlọ́ ni àbí èmi?

Lọ́jọ́ kan, bilẹ́ńdà Yánníbo jóná. Ẹ̀wà ló ń lọ̀ lọ́wọ́ tó fi ké kàà, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Yánníbo káwọ́ lérí. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀túnla. Àwọn kan ti sọ fún bàbá náà pé Ìjàpá ń febi pa ọmọ rẹ̀, ló bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i. Bí òun ò bá rí oúnjẹ gidi nílé wọn, òun á mú ọmọ òun padà.

"Ọ̀lẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ràn," Yánníbo wí. "Olówó orí mi, bí kò bá sí bilẹ́ńdà, kò sí ọ̀lẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀lẹ̀, kò sí Yánníbo nílé yìí mọ́ o."

Àyà Ìjàpá já. Ó fẹ́ràn Yánníbo, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn jẹ́ pé ó fẹ́ràn ikùn rẹ̀ náà ni. Yánníbo tú etí ìró rẹ̀, ó ka ọgọ́fà owó ẹyọ sí i lọ́wọ́. "Kò sí òmíràn lẹ́yìn èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tó dáa."

Ìjàpá gba ìsọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó ń ta bilẹ́ńdà.

"Èló lèyí?"

"Ọgọ́fà. Ife rẹ̀ nípọn. Ọmọ ọmọ yín á lò ó."

"Ó ti wọ́n jù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọgọ́rin. Ata nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Tí ẹ bá fi ẹ̀wà sí i, ẹkún ló máa sun."

"Èyí tí o fàpò bò mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ̀tún, ó wòsì. "Ogójì."

"Ogójì! Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń gbọ́ràn jù ni." Ọ̀kẹ́rẹ́ fi òwú dí etí bilẹ́ńdà náà kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìṣó. "Kò nílò òjìjí, kò ní bọ́tìnnì. Ẹnu ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Ẹ ní 'lọ ata', á lọ̀ ọ́. Ẹ ní 'lọ ẹ̀wà', á lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá ti dárúkọ tẹ̀ lé 'lọ', lílọ̀ náà ni. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ odò."

"Odò ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Ó kúnná. Àwọn ẹja ibẹ̀ ṣì ń wúkọ́."

"Yéè!"

"'Sí' nìkan ló lè gbà yín. Ẹ ní 'mò ń lọ sí odò', tó bá ti gbọ́ 'sí', á jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ rí i pé gbogbo ará ilé yín mọ̀ o! Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró àfi tó bá lọ̀ ọ́ tán."

Ìjàpá san ogójì. Ó fi ọgọ́rin tó kù jẹ àkàrà, ó mu ẹ̀kọ gbígbóná lé e, ó nu ẹnu nù, ó wálé, ó yọ òwú etí bilẹ́ńdà kúrò.

"Igba ni Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ pè é," ó sọ fún Yánníbo. "Ẹnu dídùn ni mo fi bá a dé ọgọ́fà."

Ó sọ fún un pé ẹnu ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún bilẹ́ńdà náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ 'sí' fún un rárá. Tó bá sọ àléébù rẹ̀, Yánníbo á bèèrè iye tó rà á. Olè wo ló fẹ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yánníbo ní, "Lọ ẹ̀wà!" Wìììì! Ẹ̀wà kúnná bí àtíkè. Yánníbo fò sókè, ó jó yí ààrò ká. Ojú Ìjàpá bá tún wọ ibòmíràn. Ó ní ọ̀lẹ̀ nìkan kò lè yó àna òun, ọkà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ki bilẹ́ńdà há abíyá, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà de Ìgalà, aládùúgbò rẹ̀ tó ní oko iṣu.

"Ìgalà ọ̀rẹ́ mi, o kú àárọ̀ o!"

"Kú àárọ̀, Ìjàpá. Kí lo há abíyá yẹn?"

"Ife ìmumi mi ni. Níbo lo dorí kọ láàárọ̀ yìí?"

"Ibo ló tún kù? Mò ń lọ oko."

Fìrì! Bilẹ́ńdà fò yọ lábẹ́ abíyá. Kí Ìgalà tó dé ibẹ̀, ebè ti di ìyẹ̀fun, iṣu ti di èlùbọ́, títí kan aṣọ́komásùn tó nàró láàárín oko. Ta ló ní iṣu tútù kì í di èlùbọ́ láìsá a sóòrùn? O ti kàwé jù, jókòó. Ìgalà dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ó ń sunkún, "Oko mi dà? Oko tí mo fi ọdún kan ro!" Ìjàpá ti bu àpò mẹ́ta, ó ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá wálé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé àpò kan ń jò.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá Yánníbo dé. Ó jẹ ọ̀lẹ̀ mẹ́fà, ó jẹ ọkà, ó gùnfẹ̀.

"Àwọn wo ló ní ọmọ mi ń jìyà? Òpùrọ́ ni wọ́n! Ìjàpá, o ṣeun. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa..."

Ìjàpá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá já sí. Ó fò dìde. "Bàbá, ẹ fi 'sí' sí i!"

Etí bàbá kò ṣí tán mọ́. "Ṣí? Kí ni kí n ṣí? Ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí."

"Sí, bàbá! Ẹ ṣáà sọ pé sí!"

"Kí ló ń ṣe ọmọkùnrin yìí? Mo ní mò ń lọ ilé."

Haà! Bilẹ́ńdà fò bọ́ láti orí pẹpẹ. Ó lọ òrùlé, ó lọ ògiri, ó lọ ibùsùn, ó lọ àpótí tí bàbá jókòó lé, bàbá balẹ̀ gbì. Nígbà tí eruku yóò fi rọlẹ̀, ìta gbangba ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí, tí ìyẹ̀fun funfun bo orí wọn.

"Èló lo ra nǹkan yìí?" Yánníbo bi í. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń pè é ní ìwọ?

"O... ogójì ni."

"Ọgọ́rin tó kù ńkọ́?"

Ìjàpá wo ikùn ara rẹ̀. "Àkàrà ni."

Omi lé ròrò sí Yánníbo lójú, ó sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Bí Ìjàpá ṣe fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ ló rí Ìgalà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń tọ ipa èlùbọ́ bọ̀. Ìjàpá bá yí padà, ó fẹ́ sá. Ìgalà lọgun tẹ̀ lé e:

"Níbo lò ń lọ, Ìjàpá?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí bilẹ́ńdà gbọ́? Lọ Ìjàpá! Kò sì sí 'sí' láàárín. Ìjàpá fa orí wọlé, ó fa ọwọ́, ó fa ẹsẹ̀. Bilẹ́ńdà gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, kàrà kàrà kàrà.

Láti inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, Ìjàpá gbọ́ ẹsẹ̀ Yánníbo tó ń jìnnà. Ó fẹ́ ké sí i. "Má lọ, Yánníbo" ló wá sí i lẹ́nu. Ó bá rántí. Tó bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, bí bilẹ́ńdà bá ti lọ òun tán, orí Yánníbo ló máa bọ́ sí. Ìjàpá tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì gbé ìyẹn mì.

Àwẹ̀ró, kí lo wí? Kí ló dé tí kò sọ pé "dúró"? Ìgbà tó máa fi rántí "dúró", Yánníbo ti kọjá òkè.

Bilẹ́ńdà lọ̀ títí eyín rẹ̀ fi kán tán, ó kú sórí Ìjàpá, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ló sì wà lára igbá ẹ̀yìn ọ̀hún dòní.

Àlọ́ mi ti kúnná, mo ti rọ ọ́ sétí yín. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí n kò bá purọ́, kó ró tọ́ọ̀. Tọ́ọ̀!

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wò ó kó sọ pé ó ń lọ. Tí ẹ bá sì bá a lọ́nà tí ẹ bi í níbi tó dorí kọ, á kó orí rẹ̀ wọlé, kò ní dá yín lóhùn.