Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Tí Iná Kò Dé

"Ẹni tí a kò bọ́ yó, a kì í bá a wí pé ó ń gbàgbé." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló lè sọ ibi tó ti ṣẹ̀? Kì í ṣe oko, kì í ṣe ààfin. Orí tábìlì oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan l'Óṣogbo ló ti wá, ìwọ̀sí ló sì bí i.

Ìbírónkẹ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sìkírù, ọkùnrin tí òun fi ọdún mẹ́fà jù lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀rọ tí ń bá àwọn olùsìn adìẹ sàba lé ẹyin ni wọ́n ń ṣe. Bọ́ọ̀dù kékeré kan máa ń wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ṣíìpù ńlá ni ọpọlọ rẹ̀, ṣíìpù kékeré méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń bá a rántí nǹkan. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọpọlọ náà fi ń gba iná. Ìwé tó bá a wá kọ ọ́ gbangba pé kí a so gbogbo wọn, àmọ́ òfin Ọ̀gá ni pé ẹyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n so. "Ẹnu kan ti tó láti jẹun," ni ó máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbírónkẹ́ ka ìwé náà sí i létí, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá ní kó gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù rẹ̀, ayẹyẹ ìparí iṣẹ́ kíkọ́, nígbà tí Bàbá Awóyẹmí, olùsìn adìẹ kan, já wọ ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ẹyin rẹ̀ ẹgbẹ̀ta ti pé ọjọ́ méjìdínlógún. Ó yẹ kí ẹ̀rọ ṣíwọ́ yíyí wọn, kí wọ́n lè pamọ. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kìíní ni, ó sì ń yí wọn lọ títí Bàbá fi yọ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìyàwó Bàbá ló wà nílé tó ń fi àtùpà mú ẹyin gbóná.

"Ìyá Dàmọ́lá, ṣé ìwọ kọ́ lo jó wáyà sí bọ́ọ̀dù yìí?" Ọ̀gá jágbe mọ́ Ìbírónkẹ́. "Ẹ má bínú, Bàbá, dìndìnrìn ni mo ń kọ́ níṣẹ́. Kò sí fíríìdọ̀mù fún un ní Sátidé, kò sí lọ́dún yìí!"

Inú bí Ìbírónkẹ́ gan-an. Òfin tí kò gbà gbọ́ ló tẹ̀lé, ẹni tó ṣòfin náà ló wá ń bú u lójú oníbàárà. Ọdún mẹ́rin! Kò sunkún. Ó so gílóòbù ńlá kan mọ́ bọ́ọ̀dù náà dípò ohun tí ń mú ẹyin gbóná, ó sì kọ ọjọ́ méjìdínlógún sí i. Bí gílóòbù ti tàn báyìí, iná tó ń dé ọpọlọ kò tó mọ́, ọjọ́ kìíní ló yọ lójú bọ́ọ̀dù. Ó wá jó wáyà mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ṣófo. Gílóòbù tàn, ó kú, ó tún tàn. Méjìdínlógún wà níbẹ̀ digbí.

"Ọ̀gá," ó wí, "ẹni tí a kò bọ́ yó, a kì í bá a wí pé ó ń gbàgbé. Ẹ febi pa á tán, ẹ wá ń bú u."

Bàbá Awóyẹmí yíjú sí Ọ̀gá. "Sìkírù, ta wá ni dìndìnrìn?"

Bàbá gbé bọ́ọ̀dù, ó sáré lọ bá ẹyin rẹ̀. Èyí tó pamọ nínú wọn lé ní irinwó. Fíríìdọ̀mù wáyé ní Sátidé, nítorí Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá jókòó ti Ọ̀gá títí ó fi buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí Ìbírónkẹ́. Ṣùgbọ́n Sìkírù kò bẹ Ìbírónkẹ́ títí di òní, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá rí ẹni tó há nǹkan iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tó tún wá ń pè é ní ọ̀dẹ̀, òwe yìí ni wọ́n máa ń pa fún un: ẹni tí a kò bọ́ yó, a kì í bá a wí pé ó ń gbàgbé. Kì í ṣe ẹni tó gbàgbé ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó gbé oúnjẹ pa mọ́ ni.