Pèrègún Ọdẹ́rìndé ní Òkè-Òwú

Nígbà tí ogun fọ́ Ìdí-Ahùn, ìyá rẹ̀ nìkan ni Ọdẹ́rìndé rí gbé jáde. Ó pọ̀n ọ́n la igbó kọjá títí wọ́n fi dé Òkè-Òwú, níbi tí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ọ̀pádìjí ti fún wọn ní ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Arúgbó náà kò ráhùn oúnjẹ, kò ráhùn aṣọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bẹ ọmọ rẹ̀.

"Àkànó, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sin mí sórí ilẹ̀ onílẹ̀."

Ọdẹ́rìndé tọ Baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó fi igbó kékeré kan hàn án lẹ́bàá odò. Ṣùgbọ́n ìlànà ìlú náà gùn. Ìdílé tó ni igbó yóò kọ́kọ́ gbà. Àwọn tó bá a pààlà yóò rìn ín yí ká. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko yóò kọjá, bóyá ẹnìkan yóò yọjú pé ti òun ni. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ yóò tó kéde pé ó ti di ti Ọdẹ́rìndé.

"Ẹ̀ẹ̀rùn kan!" ni Ọdẹ́rìndé wí fún Ọ̀pádìjí. "Nílùú tiwa, ká tó mu akèrègbè ẹmu kan tán, ilẹ̀ ti di tẹni."

Ọ̀pádìjí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ìdí-Ahùn mà yára o! Àfi bí ogun ṣe yára kó yín." Ó rí i pé ojú àlejò rẹ̀ yí padà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bínú, ará mi. Ṣe sùúrù."

Sùúrù wà lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Ìyá rẹ̀ ni àkókò kò sí fún mọ́. Ìdílé gbà, àwọn alábàápààlà rìn ín, ẹ̀ẹ̀rùn sì bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ arúgbó náà le sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyá náà kò lè gbé orí sókè mọ́, Ọdẹ́rìndé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gé ọ̀pá pèrègún, ó gbìn wọ́n yí ilẹ̀ náà ká, bí baba rẹ̀ ti ń ṣe, bí baba baba rẹ̀ ti ń ṣe. Ní Ìdí-Ahùn, ẹni tó bá gbin pèrègún sí ààlà ti parí ọ̀rọ̀.

Ó wálé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá mi, a ti nílẹ̀."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dákẹ́.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé gbé ọkọ́ lọ láti gbẹ́ sàréè, ó bá Baálẹ̀ àti àwọn àgbà lẹ́bàá pèrègún. Kò sí ẹni tó jẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Ọ̀pádìjí ká ọwọ́ lérí.

"Ta ló gbin èyí?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Èmi ni, Bàbá. Ààlà ilẹ̀ mi ni."

"Ààlà kẹ̀? Ní Òkè-Òwú, igbó imọlẹ̀ nìkan ni à ń fi pèrègún yí ká. Ibi tí a bá fi í yí ká ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. A kì í dáko níbẹ̀ mọ́; obìnrin kì í sì í wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe òkú."

"Ẹ jẹ́ kí n fà á tu, Bàbá."

"Bí o bá fà á tu, ọjọ́ kan náà la ó sin ìwọ àti ìyá rẹ."

Ọ̀pádìjí bú sẹ́kún. "Ọdẹ́rìndé, kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Kí ni ǹ bá bi ọ́? Ta ní ń béèrè ohun tó ti mọ̀?"

Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀pádìjí ni wọ́n sin arúgbó náà sí, lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò tún tọrọ ilẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àlejò tó bá sì wọ ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, àwọn àgbà a mú un dé ẹ̀bá igbó yẹn, wọn a sì wí fún un pé: Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.