Ìdí Tí Ọ̀mùnú Máńgòrò Fi Ń Kun Osùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn títí, ó yà sábẹ́ igi. Ó bá Máńgòrò, ó bá Oòrùn, ó bá Tata, ó bá Igi Osùn. Ẹ má bi mí bí igi ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi náà bi ìyá mi, ó ní kí n jókòó.

Máńgòrò bímọ. Ọ̀mùnú, ewé tuntun, lọmọ rẹ̀. Wọ́n rọ̀, wọ́n funfun bí ẹ̀kọ. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti jóná.

“Bàbá Oòrùn, ṣé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n?”

“Èmi kẹ̀? Mo kàn wá kí ìyá ọmọ ni. Mo fọwọ́ kan ọmọ lórí, mo bá tèmi lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà rú Máńgòrò lójú. Ṣé ẹni tó wá kíni náà ló tún ń pani?

Ó tún bímọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ewé àgbà ṣíji bò wọ́n. Oòrùn ò rí wọn. Tata rí wọn. Kí ìyá wọn tó bojú wò, iṣan ewé nìkan ló kù.

“Tata, kí lo ṣe yìí?”

“Ẹ má bínú, màmá. Wọ́n ní ẹ bímọ. Mo bá nǹkan tútù nílẹ̀, mo rò pé oúnjẹ àlejò ni.”

Máńgòrò fọwọ́ lẹ́rán, ó ń kọrin. Ẹ bá a gbè é:

Mo bí i sóòrùn, oòrùn pa á,
Kò yé mi o, kò yé mi.
Mo bí i síbòòji, tata jẹ ẹ́,
Kò yé mi o, kò yé mi.

Oyún kan péré ló kù nínú rẹ̀. Ewé àgbà sì ti ń já sílẹ̀. Bí èyí náà bá lọ, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Igi tí kò léwé, igi ìdáná ni. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Igi Osùn, aládùúgbò rẹ̀, gbọ́ orin náà.

“Ìyá ọmọ, ṣé o fi osùn pa wọ́n lára?”

“Osùn kẹ̀?”

“O bímọ lẹ́ẹ̀mejì, o ò kun ọmọ lósùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́mọ nílé yín?”

Ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá.

Igi Osùn bu osùn fún un. “Kì í ṣe oge o. Kì í jẹ́ kí oòrùn wọ ọmọ lára. Ó sì korò lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò.”

Máńgòrò bímọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìbẹ̀rù mú un, ó kun ọmọ, ó kun àgbà, gbogbo ilé pọ́n. Oòrùn dé, ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò wọlé. Tata dé, ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. “Ṣé ewé gbígbẹ ni, àbí èso?” Ó gé e jẹ díẹ̀, ó tu ú dànù.

Ṣùgbọ́n ebi dé. Ewé àgbà ló ń fi iná oòrùn se oúnjẹ. Wọ́n ní, “Màmá, ìkòkò wa ò gbóná mọ́.”

Orí Máńgòrò tún dàrú. “Mo kùn wọ́n, ebi dé. Bí mi ò kùn wọ́n, ikú dé. Báwo ni kí n ti ṣe é?”

Igi Osùn ní, “Ta ló ní kí o kun àgbàlagbà lósùn? Ọmọ jòjòló là ń kùn. Bó bá ti tó dáná, kó lọ wẹ̀.”

Àwọn àgbà wẹ̀. Ìkòkò hó. Ọmọ yè.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀mùnú máńgòrò fi ń yọ ní pupa, bó bá dàgbà tán, a di àwọ̀ ewé tútù. Tata ṣì ń yí orí níwájú rẹ̀ títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ sí rèé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń já ewé pupa ṣeré, ẹ ṣíwọ́. Ọmọ tuntun ni. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún tán ni.