Dá A Sí, Dà Á Sí I

Ọkùnrin kan wà tó ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì tẹ̀ ẹ́ kí epo pupa lè jáde. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ẹlòmíràn bá ṣì ń na ara lórí ẹní, òun ti ń fẹ́ná. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi ń yangàn ju epo rẹ̀ lọ. "Ní ẹbu tèmi," ni yóò wí, "ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Òṣìṣẹ́ tó bá ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, ohun tí yóò gbọ́ ni, "Ṣé òwú ni wọ́n fi dí ọ létí?" Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe kọ́ orí mímì. Ọ̀gá rí orí tó ń mì, ó pè é ní ọ̀wọ̀.

Oníbàárà kan wá ń bọ̀ láti ìlú ńlá, obìnrin ni. Bí epo ẹbu náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ nìkan ni yóò ti máa rà á lọ́dọọdún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹbu pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, epo tuntun kún àgbá, ó ń dán. Epo èsí tó ti kan wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ń se ọṣẹ. Fáróunbí, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó epo, nawọ́ sí garawa náà, ó ń fi ojú bèèrè ohun tí òun máa ṣe sí i. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù. Ọ̀gá kígbe láti òdìkejì pé, "Dá a sí!"

Ẹ́ńjìnnì ò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ohun tí Fáróunbí gbọ́ ni, "Dà á sí i!" Ó rú u lójú. Ta ní í da epo kíkan sórí epo tuntun? Ó rántí òwú, ó rántí ẹ̀rín, ó mi orí. Ó dà á sí i.

Nígbà tí ọ̀gá dé ìdí àgbá, òórùn ló kọ́kọ́ kí i.

"Ta ló ní kí o ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ẹ ní kí n dà á sí i."

"Dá a sí ni mo wí! Kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé yín!"

Ìyá tó ń se ẹyìn fi igi iná sílẹ̀. "Ọ̀gá, dà á sí i lèmi náà gbọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ta ló fẹ́ gba òwú sétí láàárọ̀ kùtù?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló fi ẹnu ara rẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Fáróunbí padà sídìí iṣẹ́.

Ó lọ pàdé oníbàárà, ó sọ òótọ́ fún un. Obìnrin náà ní òun á tún wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá padà dé, ó kó wọn jọ: "Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ò bá yé, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó bi mí. Ẹni tó bá fi í ṣẹ̀sín, èmi àti ẹ̀ ni."

Ọjọ́ pé. Oníbàárà jókòó, ọ̀gá ń kánjú. Ó pariwo pé kí wọ́n ru àgbá ẹ̀gbẹ́ ògiri sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójijì. Fáróunbí ló pa á.

"Ọ̀gá, ẹ ní ká ru ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èyí tí a ò tíì sẹ́ ló wà níbẹ̀ o. Ṣé òun náà ni?"

Gbogbo ẹbu yíjú sí ọ̀gá. Iwájú àlejò mà ni!

"O ṣeun," ni ọ̀gá wí. "Mo ṣì í pè. Ti abẹ́ igi ni."

Obìnrin náà yanu. "Òṣìṣẹ́ yín ló ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ yín lórí báyìí?"

Ọ̀gá gbé àyà sókè. "Òṣìṣẹ́ mi ni! Ẹ lọ wo gbogbo ẹbu tó wà lójú ọ̀nà, ẹ ò ní rí irú wọn. Ẹ tọ́ epo wọn wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó kó gbogbo rẹ̀.

Ìwọ tí o gba èèyàn síṣẹ́, bí wọ́n bá ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, má tíì yọ̀. Ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ọ. Ìwọ òṣìṣẹ́ náà, bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ, kí o sì bi í. Ẹni tó bèèrè kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa yan.