Orò Àyìnkẹ́

Ní àdúgbò wa, bí ẹnìkan bá ń fi tipátipá ṣoore, àwọn àgbà á ní: "A kì í fi òǹgbẹ ọ̀fun ara ẹni bomi rin orò." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan òǹgbẹ kan orò, igi ẹlẹ́gùn-ún aláìléwé tí a fi ń ṣọgbà? Èmi kì í bá wọn rín in. Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì mọ bí inú ṣe bí i tó lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí èmi náà.

Bàbá Lábọ̀dé ni. Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló gbin orò kan sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá ihò sí nídìí, tó gbé e sójú fèrèsé pálọ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ó gbé ọgbà oko wọlé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, orò yìí ló máa ń wò. Wọn ò bímọ, nítorí náà nígbà tó kú, orò yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ dàgbà.

Ó wá di dandan kí baba lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn, yóò sì lo oṣù méjì. Ó gbé orò lọ fún Ìyá Rẹ̀mí, ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ojú oòrùn ni kó máa wà," ni baba wí. "Ife omi kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí iyẹ̀pẹ̀ kò bá tíì gbẹ, má fún un rárá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ mi. Ọwọ́ ire ló bọ́ sí."

Baba ò tíì dé ibùdókọ̀ tí Ìyá Rẹ̀mí ti ń kùn. Ife kan fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ahun ni baba yìí. Àlejò wọ ilé òun, omi tútù la sì fi ń pàdé àlejò. Ó bu igbá omi kan dà sí i. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti mu omi tirẹ̀ láàárọ̀, á bu ti orò. Nígbà tí omi ń jò nídìí ìkòkò, tó ń ba ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́, ó fi àkísà dí ihò náà pa. Ó tún gbé e kúrò lójú fèrèsé, ó ní oòrùn ń pa á lára.

Orò kọ́kọ́ wú. Ìyá Rẹ̀mí ń pe èèyàn wá wò ó, pé ó ti ń sanra lọ́dọ̀ òun.

Nígbà tí baba dé, ó fọwọ́ kan orò, ìka rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ó ti jẹrà. Ó gbé ìkòkò sókè, ó fa àkísà yọ.

"Kí lo fún un?"

"Omi ni, ọkọ mi. Lójoojúmọ́. Mi ò jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́."

"Ó sọ fún ọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun?"

"Àánú rẹ̀ ló ṣe mí."

"Àánú." Baba ju àkísà sílẹ̀. "Àánú yìí náà lo gbé wá nígbà tí Àyìnkẹ́ ń ṣàìsàn. Ó ní kí ẹ jẹ́ kóun sùn. O ní ẹnikẹ́ni kì í dá wà lórí àìsàn, o kó èrò àdúrà kún yàrá. Ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, kò rí oorun sùn. Mi ò sọ̀rọ̀, torí gbogbo ayé ní oore lò ń ṣe. Ìwọ lo ò fẹ́ràn àtidá wà, Àyìnkẹ́ kọ́. A kì í fi òǹgbẹ ọ̀fun ara ẹni bomi rin orò."

Ìyá Rẹ̀mí sunkún. Àwọn ẹbí ní baba le jù, pé nítorí igi lásán. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ṣì le lókè orò náà, kò ju àtàǹpàkò lọ. Baba gé e, ó fi í sílẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Rẹ̀mí wá bẹ̀bẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó ti rí i pé iyẹ̀pẹ̀ gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ife omi tó wà lórí tábìlì.

Baba fi àtẹ́lẹwọ́ bo orò náà. Ẹ̀gún gún un, kò gbé ọwọ́ kúrò.

Obìnrin náà dá ife padà. "Kí ló ń fẹ́, ọkọ mi?"

"Kí o fi í sílẹ̀."

Ìbéèrè yẹn ni Ìyá Rẹ̀mí kò bi Àyìnkẹ́ rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń gbé igbá omi bọ̀ wá bá yín, tí kò kọ́kọ́ bi yín bóyá òǹgbẹ ń gbẹ yín, ẹ sọ ọ́ fún un, kó yé e: a kì í fi òǹgbẹ ọ̀fun ara ẹni bomi rin orò.